Ọkọ Mi Kì Í Dáná Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn tó bó ṣe wúwo, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kì í dáná mọ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn nìyẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò kí mi, yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi, yóò gbé e lé àyà, yóò jókòó sójú ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ìkòkò kaná, yóò fi ọgbọ́n dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, kò sì ní í padà wọlé títí iná yóò fi kú. Oúnjẹ tí mo bá bù fún un, yóò tọ́ ọ wò, yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé búrẹ́dì ló ti jẹ yó níta. Mo mọ ohun tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi yóò sọ. Ṣé èyí náà ni ìṣòro? Obìnrin mélòó ni ọkọ wọn ti ṣí ìdérí ìkòkò wò rí? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ́ nìyí. Ọkọ tèmi a máa kọrin sí ọbẹ̀ lórí iná bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

Ọmọ Ìwó ni mí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wá sí Sàngó lẹ́bàá Ọ̀tà nígbà tí mo jáde ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré tèmi ní Joju, ní Sàngó náà. Ibẹ̀ ni Ràfíù ti bá mi. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti ya nídìí ló gbé wá, ojú ń tì í láti nà án sí mi. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí bíi tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́túlù oníke. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì lè jẹ́ iṣẹ́ òru. Nígbà tí wọ́n so yìgì wa tán, a gba yàrá àti pálọ̀ ní Ìjù ti Ọ̀tà, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé.

Ọkọ mi mọ oúnjẹ sè jù mí lọ, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá Ọ̀tà ni mo ń pe màmá náà, torí pé inú ilé wọn ní Ọ̀tà ló ń gbé títí di òní. Ọ̀jọ̀jọ̀ àti àkàrà ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dín níwájú ilé-ìwé kan. Kò bí obìnrin, Ràfíù nìkan ló sì dúró fún un nínú àwọn ọmọ tó bí. Nítorí náà, láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń bá a rin ewùrà, ó ń bá a po ẹ̀wà lílọ̀, ó ń wo òróró lójú kó lè mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Kí ó tó fẹ́ mi, ọ̀jọ̀jọ̀ ló máa ń gbé wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, á dì í sínú ìwé, á ní kí n tọ́ ọ wò bóyá ata rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò mí títí, ó ní bí n kò bá fẹ́ ọkùnrin yìí, kí n fi ọ̀nà hàn án sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó ń wá ọkọ.

Nígbà tí oyún dé, òórùn ló kọ́kọ́ bá mi jà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlùbọ́sà lè di ọ̀tá ènìyàn. Bó bá ti ta nínú òróró ẹlòmíràn lẹ́yìnkùlé báyìí, inú mi á yí, n óò sáré jáde lọ bì. Epo pupa tí mo ti fi ń jẹ iṣu láti ìgbà èwe mi, n kò lè wò ó lójú. Mo gbẹ. Ojú mi wọnú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwa aláboyún sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi kéré, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà dáadáa. Mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo bú sẹ́kún, torí pé nínú gbogbo ohun tó dárúkọ, kò sí ọ̀kan tí imú mi fẹ́ gbà. Ràfíù ti ibi iṣẹ́ dé bá mi lẹ́nu ẹkún náà. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kọ́, ó jókòó tì mí, ó ní kí n tún gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí sọ fún òun. Mo tún un sọ. Ó ní kò burú, kí n fi ọ̀rọ̀ imú sílẹ̀ fún òun.

Bó ṣe gba ìkòkò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Òun ló ṣàkíyèsí pé oúnjẹ gbígbóná ló ń rùn sí mi, pé bó bá ti tutù tán, mo lè jẹ ẹ́. Á se mọ́ínmọ́ín sínú ewé, á fi ẹja sí i láì fi àlùbọ́sà sí i, á gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí yóò fi tutù, kó tó pè mí. Á fún mi ní ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí ọkàn mi bá fà sí ohun kíkan, á kó àgbálùmọ̀ bọ àpò iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Sàngó. Ìró mi ló máa ń ró mọ́ ìdí bó bá fẹ́ dáná, torí kí epo má baà ta sí ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá ti iṣẹ́ òru dé ní àárọ̀, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n koko, kì í sùn títí mo fi máa jẹun. Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì yẹn náà rí i, ó bi mí pé ta ló ń se oúnjẹ fún mi. Mo ní ọkọ mi ni. Gbogbo àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú wò mí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ilé tí a ń gbé kì í ṣe ilé àdágbé. Ìyá Ṣùkúrà wà níbẹ̀, ó ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójú ọ̀nà. Òun ló máa ń dá gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Bó bá ti rí Ràfíù nídìí iná, á kígbe sí mi láti ọ̀ọ́kán pé, "Ìyàwó, ọkọ ẹ ní kó o wá bá òun tọ́ iyọ̀ wò o!" Ẹ̀fẹ̀ ni, mo mọ̀, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ti àwọn ọkùnrin ilé ló burú. Àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé mo ti fún un ní nǹkan jẹ, pé ojú lásán kọ́. Ọ̀kan nínú wọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì gbé e dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọkọ mi ní Ìyá Olóúnjẹ. Ràfíù kò kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ sí. Ó sọ fún wọn lójú mi pé, "Bí mi ò bá lè bá a gbé oyún, ṣé mi ò lè bá a gbé ìkòkò ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń ro láfún rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Ìyá Ọ̀tà wá kí wa. Ó ru ewúro àti gaàrí wá fún mi. Bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ sẹ́yìnkùlé, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, tó ró ìró aláwọ̀ osùn tèmi mọ́ ìdí, tí òógùn bò ó, tó ń fi omorogùn ro láfún. Èmi ìyàwó wà lórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ mi tó ti wú sílẹ̀. Ìyá Ṣùkúrà àti àwọn yòókù wà níbẹ̀, wọ́n ń wòran. Mo fẹ́ dìde, kí n kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó. Kò bínú. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó bá wa jẹ láfún náà, ó tilẹ̀ ní ó yọ̀. Ìgbà tó jẹun tán ló pe Ràfíù sínú pálọ̀. Mo wà nínú yàrá, kọ́tìnnì nìkan ló là wá láàárín, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tó wí.

Ó ní, "Ràfíù, mo kọ́ ẹ ní oúnjẹ kí ebi má baà pa ẹ́. Mi ò kọ́ ẹ kí ayé lè máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bó o bá máa bá ìyàwó ẹ sè é, sè é. Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣeé kó mọ́. Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ náà, n óò ní màmá náà ṣeun, torí pé kò ní kó má dáná fún mi mọ́. Kí ló burú nínú kí ènìyàn ti ilẹ̀kùn? Ṣé inú ilé kọ́ ló yẹ kí àṣírí tọkọtaya wà ni?

Láti ìgbà náà ni Ràfíù kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun nídìí iná mọ́. Ohun tí ẹ̀rín àwọn ayálégbé kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe é. Mo ní kí n tún máa dáná fúnra mi, èébì kò jẹ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ó gbé gáàsì kékeré wa wọ inú pálọ̀. Nígbà tí gáàsì wọ́n, tí kálukú padà sí èédú, òun náà lọ ra sítóòfù onírin, irú èyí tí wọ́n ń kó èédú sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin ní Sàngó. Ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n òjò dé, àwọn ènìyàn sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n ń yọjú. Bó ṣe di pé ó ń gbé e wọlé nìyẹn. Á ti ilẹ̀kùn, á fa kọ́tìnnì, á pa fèrèsé dé, torí pé fèrèsé ọkùnrin tó sọ ọ́ ní Ìyá Olóúnjẹ ló kọjú sí tiwa.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Òòyì a máa kọ́ mi, inú mi a máa rú, oorun a sì gbé mi lọ lójú ọ̀sán. Kí ni ẹ rò pé mo pè é? Oyún ni. Ta ni yóò sọ fún aboyún pé orí fífọ́ àti èébì kì í ṣe ti oyún? Orí fọ́ Ràfíù náà, ó ní òórùn ike yíyọ́ ní ibi iṣẹ́ ni. Mo fún un ní oògùn orí fífọ́, òun náà gbo ewé efinrin fún mi, a ń tọ́jú ara wa, a sì ń mí ohun tó ń pa wá. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, pé kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Èéfín tiwa kò rú rárá. Èédú tó bá ti pọ́n dáadáa kì í rú, kì í sì í rùn. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, òjò ńlá ń rọ̀ lẹ́yìn ìrun àílà. Ràfíù ti dé láti ibi iṣẹ́ àárọ̀, ẹ̀wà olóyin ni mo ní ó ń wù mí. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà kì í yá jinná. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, òun fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń jà ní ibi iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àṣekún iṣẹ́. Mo rántí pé ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Mo rántí pé mo fẹ́ fà á lẹ́sẹ̀ kí n sọ fún un pé kó bu omi sí ẹ̀wà, ọwọ́ mi kò gbéra. Kò dùn mí. Ó dà bí oorun dídùn ni, èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù lọ títí di òní.

Ìyá Ṣùkúrà ni Ọlọ́run lò. Ó rí i pé aṣọ tí mo fọ̀ wà lórí okùn nínú òjò, ó mọ̀ pé n kì í fi aṣọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá kanlẹ̀kùn kí n lè wá ká a. Kò gbọ́ ohùn. Ó kàn án títí, ohun tó gbọ́ ni òórùn ẹ̀wà tó ń jóná. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó já a. Wọ́n ní igbe tó ké lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà ni wọ́n gbé wa jáde sínú òjò. Omi òjò lójú mi ni mo fi jí. Ràfíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹrẹ̀, ó ń bì, ó ń pe orúkọ mi. Èmi kò pe orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ mi wà níkùn, mò ń dúró kí ọmọ náà ta mí nípàá, kò sì ta.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń yẹ ojú mi wò ló ti béèrè bóyá a jó èédú nínú yàrá. Wọ́n fi nǹkan bò mí nímú, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ wá láti inú àgbá irin. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé atẹ́gùn èédú a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀, àti pé ọmọ inú ló máa ń jìyà rẹ̀ ju ìyá lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn láti gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó gbé e síhìn-ín. Ó gbé e sọ́hùn-ún, kò tíì gbọ́ ọ. Ràfíù jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó gbá orúnkún mọ́ra. Nígbà tí ohùn náà jáde, kúkúkúkú, bí ẹsẹ̀ ẹran kékeré tó ń sáré, mo yíjú sí ọkọ mi kí a lè jọ yọ̀. Ó ti bo ojú mọ́lẹ̀, kò sì gbé e sókè.

Ní ọjọ́ kejì ni Ìyá Ọ̀tà dé pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú fúláàsìkì. Ọmọ rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Màmá náà pariwo, ó bínú, ó bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi tilẹ̀kùn?" Ràfíù wolẹ̀. Èmi náà wo ògiri. Mo gbọ́ ìgbà tó gbé fúláàsìkì náà sílẹ̀. Ó sì jáde.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rìn díẹ̀, mo bá a lórí bẹ́ńṣì níta. Ó ní kí n jókòó. Ó sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Ó ní bàbá Ràfíù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí òun lóyún àkọ́kọ́, bàbá náà ló ń bá òun pọn omi, tó ń bá òun gún iṣu. Àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi í kọrin, títí tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Kó lè fi hàn wọ́n pé ọkùnrin ni òun, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì kó lọ sí Ìdìrókò. "Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi," ó ní. "Mo rò pé bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ̀rín ò ní í rí ọ̀nà wọlé sí tìẹ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra fà á yọ lọ́wọ́ mi.

A bí ọmọ wa ṣáájú àsìkò rẹ̀. Obìnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Àníkẹ́ ni à ń kì í. Àwọn dókítà ní kí a máa gbé e wá kí wọ́n lè máa wo bó ṣe ń dàgbà, títí di òní wọn kò sì rí àléébù kankan. Ó ń wo ojú ènìyàn, ó ń yíjú sí ohùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí fáànù. Àlùbáríkà ni. Síbẹ̀, bó bá sùn pẹ́ díẹ̀, baba rẹ̀ á tẹ̀ sí i, á gbé etí sí imú rẹ̀. Ràfíù ti gbé sítóòfù onírin yẹn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó bá mi dín ọ̀jọ̀jọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Má bínú. Bí mo bá ti fẹ́ ṣáná, ojú ẹ nínú òjò yẹn ni mo máa ń rí." N kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ náà wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó jókòó láàárín àlejò bí àlejò, kò gba ọmọ náà mọ́ra, kò sì padà wá mọ́. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọmọ rẹ̀ kò lọ sí Ọ̀tà, òun náà kò wá sí Ìjù. Ràfíù gbà pé òun ló gbé ikú wọlé. Màmá gbà pé òun ló ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó bínú sí èkejì nínú wọn, àánú ara wọn ló pọ̀ jù, tí wọn kò fi lè wo ara wọn lójú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń parí ìjà, báwo ni a ṣe ń parí èyí tí kì í ṣe ìjà?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pọn Àníkẹ́, mo lọ sí Ọ̀tà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá màmá náà níbi tó ti ń bó ewùrà. Ó kí mi dáadáa, ó wo orí ọmọ, ó béèrè bóyá ó ń mu ọmú. Mo ní kó gbé e. Ó ní ewùrà ń yún òun lọ́wọ́. Mo tú ọmọ náà, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀, mo kó ewùrà rẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo padà wọlé, Àníkẹ́ ti di gèlè ìyá bàbá rẹ̀ mú, ó ń fà á, màmá náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ tutù. Kò gbé ojú náà sí mi nígbà tó bi mí pé, "Ṣé ó ń jẹun?" Mo mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ ló ń béèrè, kì í ṣe ọmọ tèmi. Mo ní búrẹ́dì ló ń jẹ.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó wọ yàrá, ó gbé ike kan jáde, ògì tó sẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní àsìkò ti tó tí wọ́n ó máa fi ẹ̀kọ lé ọmú fún Àníkẹ́. Ó ní, "Gbé e fún Ràfíù. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó ro ó fún ọmọ rẹ̀. Sọ fún un pé kó ṣí ilẹ̀kùn."

Ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń gbé nínú yàrá kan bíi tèmi, ẹ̀yin ọkọ wọn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú pípọ́n wọlé, bí òjò ń rọ̀, bí òtútù ń mú. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pè é ní oyún, ẹ jáde síta. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wo ọkùnrin tó ń bá ìyàwó rẹ̀ ro ọbẹ̀, bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ rere láti sọ sí i, ẹ bá tiyín lọ. Ẹ kò mọ ibi tí ẹ̀rín yín ń lé e lọ.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ògì náà wà lábẹ́ tábìlì wa bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Láràárọ̀ ni mò ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ kó má baà kan jù. N kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí màmá rán mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jẹ́ ẹ, tí Ràfíù sì kọ̀, kò ní í sí iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè rán sí i mọ́. Ọmọ sì ti ń na ọwọ́ sí oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ jù mí lọ, báwo ni kí n ṣe gbé e síwájú rẹ̀?